Nígbà Òjò, Ẹni Ẹ̀yìn Ni Olórí

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé tó ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè ti fèrèsé. Ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lè yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ wà lábẹ́ òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, búréèkì tó gbẹ́kẹ̀ lé sì ti mu omi yó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, tí wọn kò sì ní í fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọyẹ́ yóò fi dé.

Àwa kì í gbé tiwa ti ògiri. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni bí a ṣe ń ṣe é, àti òfin kan ṣoṣo tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún wa. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí wọ́n ń sanwó fún nítorí eré kẹ̀kẹ́. Márùn-ún ni wá: tísà kan, télọ̀ kan, jórinjórin kan, òṣìṣẹ́ báńkì kan, àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó kéré jù lọ nínú wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le jù lọ. Ìbàdàn ni a ń gbé. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán ní ọjọ́ Sátidé, a ó pàdé ní Sángo, a ó gba Ẹlẹ́yẹlé, a ó kọjá Ológùnẹ́rú, a ó sì dorí kọ ọ̀nà Ìdó. Bí ọjọ́ bá dára, a máa ń lo wákàtí mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́ kí a tó padà wọ ilé.

Kí Ló Dé Tí A Kò Dúró De Ẹ̀ẹ̀rùn?

Àwọn ará ilé wa ti bi wá ní ìbéèrè yìí títí ó fi sú wọn. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òjò kì í sì í lọ tán kí oṣù kẹwàá tó parí. Bíi oṣù méje nìyẹn nínú oṣù méjìlá. Okun tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ sínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá ti jókòó. Ẹni tó bá wá jókòó fún oṣù méje, ọdọọdún ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, olúkúlùkù ló ní ohun tí ń lé e jáde. Télọ̀ wa ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ló ń jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó rí i pé ó ti kọjá 140 lókè àti 90 nísàlẹ̀, ó fún un ní oògùn, ó ní kí ó dín iyọ̀ kù, ó sì ní kí ó máa lo ara. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú kí èémí yára díẹ̀ fún 150 ìṣẹ́jú sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí òjò kọ́kọ́ dá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò mọ ìgbà òjò yàtọ̀ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní tirẹ̀, ìdíje ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2024, Biniam Girmay, ọmọ orílẹ̀-èdè Ẹritríà, gba ipò kìíní ní ìpele kẹta ìdíje Tour de France. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún gba ìpele méjì mìíràn kún un, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti tán lẹ́nu àbúrò wa yìí. Nígbà tó tún di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ní ìlú Kigali ní Rùwáńdà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé nílẹ̀ Áfíríkà, ojoojúmọ́ ló ń sọ fún wa pé ọ̀nà ti là. Ìdíje kan tí wọ́n máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òun ń múra sí, ìgbà òjò ló sì gbọ́dọ̀ múra rẹ̀. Ẹni tí yóò kórè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé kì í ṣe ìgbà òjò ló ń gbìn ni?

Ohun Tí Òjò Ń Ṣe Sí Kẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí búréèkì, nítorí òun ni ẹ̀mí. Búréèkì kẹ̀kẹ́ tiwa, rọ́bà ló ń fún ríìmù mọ́ra. Bí ríìmù bá tutù, rọ́bà náà yóò kọ́kọ́ nu omi ara rẹ̀ nù ná kí ó tó lè di ohunkóhun mú. Kí ó tó nù ún tán, kẹ̀kẹ́ ti sún síwájú. Nítorí náà, nígbà òjò, a kì í dúró kí a dé ibi tí a fẹ́ dúró sí kí a tó fọwọ́ kan búréèkì. A ó ti máa fún un díẹ̀díẹ̀ láti òkèèrè, a ó tú u sílẹ̀, a ó tún fún un. Bákan náà ni a máa ń fi àyè tó gùn tó kẹ̀kẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ẹni iwájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn búréèkì ni táyà. Bí a bá ń fẹ́ táyà dé 100 lójú páǹpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó dín in kù sí 90 nígbà òjò, kí ó lè fi ara lélẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ jù kọ́ ni ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ sí láti àná. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí ilẹ̀ ti gbẹ ló léwu jù, nítorí pé yóò gbé ọ́ìlì ọkọ̀ àti eruku tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà sókè, gbogbo rẹ̀ yóò sì di bí ọṣẹ. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà funfun tí wọ́n fi fa ìlà sójú títì, ẹ ṣọ́ra fún irin tí wọ́n fi bo ojú gọ́tà, ẹ sì ṣọ́ra fún ilẹ̀ pupa tí típà dà sílẹ̀. Bí ẹ bá dé orí wọn, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ má fún búréèkì. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kọjá lórí wọn ní títọ́.

Ti aṣọ kò gba ariwo. Ẹ̀wù òjò gbàgẹ̀rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò dára, nítorí pé ṣéènì lè gbé e mì. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tó ṣe wẹ́kú, tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, ni a máa ń wọ̀. Iná pupa wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, iná funfun wà níwájú, a sì máa ń tan méjèèjì bó tilẹ̀ jẹ́ ojúmọmọ, nítorí pé awakọ̀ tí òjò ń lu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ kò ríran dáadáa. Akoto kì í kúrò lórí. Fóònù àti owó wà nínú náílọ́ọ̀nù, ṣẹ́ẹ̀tì gbígbẹ kan náà sì wà nínú náílọ́ọ̀nù mìíràn, nítorí pé bí ènìyàn bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ nínú òjò, ara rẹ̀ yóò gbóná, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dúró báyìí, atẹ́gùn yóò wọ inú aṣọ tútù, òtútù yóò sì mú un.

Bí a bá délé, iṣẹ́ kò tíì tán. A ó bu omi fọ iyanrìn kúrò lára ṣéènì, a ó fi àkísà nù ún gbẹ, a ó sì kán ọ́ìlì sí oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni a ó nu èyí tó kù lóde ara rẹ̀ kúrò, nítorí pé òun ni iyanrìn ọ̀la yóò lẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sí i kí ọ́ìlì má ṣe kan ríìmù o! Ríìmù tí ọ́ìlì bá kàn, búréèkì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní ti bàtà, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni a máa ń rún sínú rẹ̀ kí ó lè fa omi. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni a wí, kì í ṣe ìwé yìí.

Bí A Ṣe Pín Ọ̀sẹ̀

Ní ọjọ́ Àtàláátà, kí olúkúlùkù tó lọ síbi iṣẹ́, a máa ń lo ìṣẹ́jú 45 lórí òkè kan tí kò jìnnà. A ó gùn ún lọ, a ó rọra sọ̀ kalẹ̀, a ó tún gùn ún. Ìwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá a ti ń ṣe é jù ni ọ̀rọ̀ sísọ: ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, ó ti kọjá ìwọ̀n tirẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan ni a gbà láyè láti kọjá ibẹ̀, àkókò tirẹ̀ náà sì ní òǹkà.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, inú ilé ni a máa ń wà. Jórinjórin wa ló ṣe irin kan fún wa láti ara páìpù àtijọ́. Yóò gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ka orí páìpù méjì tó ń yí lórí bíárìnì, a ó sì máa wa kẹ̀kẹ́ lójú kan. Ariwo rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, nítorí náà a kì í lò ó lẹ́yìn ìrun ìṣáì, kí àwọn ará ilé lè sùn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni: ìṣẹ́jú márùn-ún láti mú ara gbóná, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú agbára àti ìṣẹ́jú méjì ní wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹfà, kí a tó fi ìṣẹ́jú méje tó kù sọ ara kalẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ sì gbé omi mímu sítòsí, nítorí pé kò sí atẹ́gùn ojú ọ̀nà tí yóò gbẹ òógùn.

Sátidé ni ọjọ́ ọ̀nà jíjìn. Bí a bá ro ìṣẹ́jú 45, ìṣẹ́jú 30 àti wákàtí mẹ́ta pọ̀, yóò jẹ́ ìṣẹ́jú 255. Ṣùgbọ́n bí òjò bá gba Sátidé mọ́ wa lọ́wọ́ ńkọ́? A ó lo wákàtí kan lórí irin jórinjórin, a ó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fo okùn tàbí kí a máa gun àtẹ̀gùn sókè sódò ní ọjọ́ kejì. Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ náà yóò jẹ́ ìṣẹ́jú 165. Kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju 150 lọ, ara kò sì ní gbàgbé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù kì í fi í bà wá láti padà sílé. Ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá padà, kò ṣòro fún un láti yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ padà.

Òfin Ẹni Ẹ̀yìn

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sórí òfin tí a wí. Ẹlẹ́sẹ̀ líle ló máa ń ṣíwájú níbi kẹ̀kẹ́. Òun ló ń fọ́ atẹ́gùn, àwọn yòókù ń bá a bọ̀ lẹ́yìn, gbogbo ènìyàn sì ń wo ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bó ṣe rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìjì òjò tó ń jà nílẹ̀ wa, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń bọ̀, tí yóò sì máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà tiwa láti Ẹlẹ́yẹlé lọ sí Ìdó, ìhà ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí. Ìyẹn ni pé bí ojú ọ̀run bá ń ṣú bọ̀, ẹ̀yìn wa ló ti ń bọ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù sì ni ẹni tí kò ní tètè rí i.

Télọ̀ wa ló sábà máa ń wà lẹ́yìn pátápátá. Kò bá ẹnikẹ́ni du ohunkóhun, nítorí náà àyè wà fún un láti bojú wẹ̀yìn. Òun ló kọ́kọ́ máa ń rí àwọsánmà dúdú, òun ló sì máa ń ka mànàmáná. Bí mànàmáná bá kọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta, ìró àrá máa ń rin kìlómítà kan. Bí òǹkà náà kò bá tó ọgbọ̀n, àrá ti sún mọ́ wa jù, inú ilé tó ní ògiri àti òrùlé ló yẹ kí a wà, kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò. A kò sì ní jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn.

Báyìí ni òfin wa ṣe bẹ̀rẹ̀: nígbà òjò, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ni olórí. Bí ó bá ní, "Ó tó," gbogbo wa ni yóò yí padà. A kì í bi í ní ìdí, a kì í dìbò, a kì í sì í jiyàn títí a ó fi kúrò lójú ewu. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́yìn lọ́jọ́ náà ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn kò ní pe èyí ní ojo. Láti ọdún 1942 ni ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ti wà lórí Odò Ọ̀nà. Ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, ọjọ́ Jímọ̀ nínú Ràmàdáánì ni, òjò rọ̀, odò kún, omi gbé afárá, ó gbé ilé, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, Ògùnpa ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ kíyè sí i pé oṣù kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí a máa ń sọ pé òjò ti sinmi. Òjò kì í ka kàlẹ́ńdà.

Sátidé Kan Nínú Oṣù Kẹsàn-án

Òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú. Nígbà tí a kírun tán, ó ti dá, ojú ọ̀run sì funfun. A kọjá Ológùnẹ́rú, a ń lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí odò kékeré gbà lábẹ́ títì kọjá, a rí i pé odò náà kò gba abẹ́ títì mọ́, orí títì ló gbà. Omi náà pọ́n, ó ń sáré, ìbú rẹ̀ tó ogún ìṣísẹ̀. Ọ̀kadà kan gba inú rẹ̀ kọjá lójú wa, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ká ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí òdìkejì.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti fẹ́ẹ̀ wọ inú omi náà nígbà tí télọ̀ wa dé láti ẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ tó fi ní, "Ó tó."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ọmọ náà wí, "ṣé ẹ ò rí ọ̀kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yẹn ni? Omi yìí ò dé orúnkún."

"Mo rí i, ọmọ mi. Ó tó."

"Oṣù méjì péré ló kù kí ìdíje mi tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Sátidé tó kọjá, ẹ ní ká padà. Tòní náà, ẹ tún ní ká padà. Ìgbà wo ni mo fẹ́ gun ọ̀nà jíjìn?"

Télọ̀ kò fèsì. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Tísà yí tirẹ̀, jórinjórin àti òṣìṣẹ́ báńkì yí tiwọn. Ọmọ náà dúró sí etí omi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n inú bí i débi pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi tí a ti máa ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Ibẹ̀ ló ti là á mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn tó di ẹni ńlá nínú eré yìí kò sá fún ojú ọjọ́. Ó mú ìtàn Bernard Hinault wá, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó gba ipò kìíní ní ìdíje Liège-Bastogne-Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1980. Yìnyín ń já bọ́ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣíwájú ẹni kejì.

Télọ̀ wa gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní, "Ẹni mélòó ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọ̀hún?"

"Ẹni 174 ni, sà."

"Ẹni mélòó ló parí rẹ̀?"

"Ẹni 21."

"Àwọn 153 tó kù ńkọ́, kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n fi ìdíje náà sílẹ̀, wọ́n lọ wá ibi tó gbóná."

"Ṣé wọ́n tún gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bí kò tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á gùn ún, sà. Iṣẹ́ wọn ni."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni télọ̀ wí. "Èmi wà lára àwọn 153 yẹn."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ó bá jẹ́ pé ìtàn àròsọ ni a ń kọ, à bá sọ fún yín pé títì náà já lọ́jọ́ náà. Kò já. Ní ọjọ́ kẹta, tísà gba ibẹ̀ kọjá, omi ti lọ, ọ̀dà títì sì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sí kòtò kankan lórí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti gbọ́? Títì yẹn ò ní nǹkan kan."

Télọ̀ ní, "A rí i lónìí. Ní Sátidé tí omi bò ó, ta ló rí i?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò jù báyìí lọ. Omi tó pọ́n kì í fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ han ènìyàn. Omi tó ń sáré, bí jíjìn rẹ̀ kò tilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó lè gbá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ ṣubú, kẹ̀kẹ́ sì fúyẹ́ ju ọ̀kadà lọ fíìfíì. Òfin kan kò di aláìwúlò nítorí pé ewu tí a sá fún kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ewu bá wà níbẹ̀ ni a ṣe é fún, a kò sì lè dá ọjọ́ náà mọ̀ láti orí kẹ̀kẹ́.

Ọmọ náà kò wá fún Sátidé méjì. Ìyá rẹ̀ gbé aṣọ wá rán ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wa láàárín ìgbà náà. Màmá kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, àfi pé wọ́n dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì tíì gba aṣọ kankan.

Ní Sátidé kẹta, ó dé. Ó ti gun òkè jù ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, fún ìgbà àkọ́kọ́ ló sì wà lẹ́yìn pátápátá. Télọ̀ wa ní tirẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ náà, ó ń kọrin lọ níwájú. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ẹ̀yìn: "Ó tó o!" A bojú wẹ̀yìn. Ìlà-oòrùn ti ṣú. Ó wu télọ̀ láti tẹ̀ síwájú, a rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ padà.

Òjò ọ̀hún kò rọ̀. Àwọsánmà náà gba apá ibòmíràn lọ, oòrùn sì ràn kí a tó dé Sángo. Kò sí ẹni tó bú ọmọ náà, kò sì sí ẹni tó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Irin jórinjórin la lọ wà, wákàtí kan gbáko, pẹ̀lú ariwo rẹ̀.

Títí di òní, ó ṣì ń sọ pé òun ì bá gba inú omi ọjọ́ náà kọjá láìsí nǹkan kan. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lọ sí ìdíje rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Kò gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀, ó sì ti tún ń múra sí òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ télọ̀ wa náà ti wà lábẹ́ 140 fún ọ̀pọ̀ oṣù báyìí. Dókítà kò tíì ní kí ó fi oògùn sílẹ̀, òun náà kò sì fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí kẹ̀kẹ́ bá wù yín, ẹ gùn ún, ẹ má jẹ́ kí òjò oṣù méje jí ara yín gbé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá nìkan lọ, kí ẹ sì ti fẹnu kò kí ẹ tó kúrò nílé lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dá yín padà. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ní kí ọmọ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló máa ń wà lẹ́yìn wọn. Àwọn àgbà ní kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí a fi ń wa kẹ̀kẹ́ lọ náà ni a fi ń wà á bọ̀. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa lójú pópó, kí a máa lọ ire, kí a máa bọ̀ ire.